Báwo lẹ ṣe ń fi ojú lásán ya kárọ́ọ̀tì igbó sọ́tọ̀ kúrò lára kárọ́ọ̀tì oko?

Àpò_Irúgbìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn àpò irúgbìn kárọ́ọ̀tì kan wà lọ́wọ́ mi tí àkọlé wọn ti pa rẹ́. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé etí ọ̀nà àti pápá koríko ni wọ́n ti ṣa àwọn kan, wọ́n sì gba ìyókù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Mo ti gbin ìkọ̀ọ̀kan sí poro tirẹ̀. Wọ́n ti hù, ewé gbogbo wọn jọra, àwọn kan sì ti ń na ọrùn láti yọ òdòdó.

Mi ò ní yàrá àyẹ̀wò, kò sì sí owó DNA. Rúlà, ọ̀bẹ, awò amóhuntóbi àti ìwé àkọsílẹ̀ ni gbogbo irinṣẹ́ mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Kí sì ni kí n má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lé lórí?

Bàbá_Elébè

Fa ọ̀kan tu. Bí gbòǹgbò bá sanra, tó ní àwọ̀ ọsàn, ti oko ni. Bó bá tín-ín-rín, tó funfun, tó pẹ̀ka, ti igbó ni. Ó parí.

Ìyá_Hóró

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín ni mo gbà.

Ti àwọ̀ ọsàn yẹn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Gbòǹgbò kárọ́ọ̀tì igbó kì í kó karotíìnì, ìyẹn ohun tó ń fún un ní àwọ̀ ọsàn, jọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń funfun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ọ̀rọ̀ náà po, kò dúró mọ́. Kárọ́ọ̀tì oko tó funfun wà. Küttiger ti orílẹ̀-èdè Switzerland funfun, inú oko ni wọ́n sì ti ń gbìn ín. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n gbin àwọn funfun ńláńlá fún ẹran ọ̀sìn. Aláwọ̀ ìyeyè wà, elésè àlùkò wà, èyí tó pupa látàrí ohun kan náà tó ń mú tòmátì pupa wà. Nítorí náà, àwọ̀ ọsàn lè jẹ́rìí pé ti oko ni. Àìsí rẹ̀ kò jẹ́rìí pé ti igbó ni.

Ibi tí ọ̀bẹ gbà ni mo máa ń wò. Ẹ gé gbòǹgbò ní ìdábùú níbi tó ti nípọn jù. Ẹ óò rí apá méjì: ẹran òde, àti ọkàn tó wà láàrin. Ti kárọ́ọ̀tì oko, ẹran òde nípọn, ọkàn rọ̀, ọ̀bẹ á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti igbó, ọkàn ló gba ibi tó pọ̀ jù, ó le gbagidi, bí ẹ bá sì ṣẹ́ ẹ, kò ní dá pàrà, okùn inú rẹ̀ ni yóò máa fà tẹ̀lé ara wọn. Kí ẹ ṣe é kí igi òdòdó tó yọ o! Kárọ́ọ̀tì oko pàápàá, bó bá ti na igi òdòdó, ọkàn rẹ̀ á le. Ẹni tó bá gé e lásìkò yẹn á kọ "igbó" sí ohun tí kì í ṣe igbó.

Ilẹ̀ náà máa ń tan ni jẹ. Òkúta inú ilẹ̀ a máa mú kí ti oko pẹ̀ka. Nínú ilẹ̀ tó rọ̀ tó sì lọ́ràá, ti igbó náà lè sanra díẹ̀. Ó dára tí ẹ gbìn gbogbo wọn sí ojú kan náà. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí báyìí, ara ewéko náà gan-an ló ti wá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ewéko

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín. Kí a tó máa pín igbó àti oko, ṣé ó dá wa lójú pé kárọ́ọ̀tì ni gbogbo rẹ̀? Etí ọ̀nà ni wọ́n ti ṣa àwọn kan. Ewéko kan wà tó ń jẹ́ Conium maculatum, ìdílé kan náà ni òun àti kárọ́ọ̀tì. Májèlé inú rẹ̀ ni wọ́n fún Socrates mu ní Áténì lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Krístì. Ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọra yìí lè pa ènìyàn.

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Igi òdòdó kárọ́ọ̀tì ní irun tó ń gún ọwọ́, ó sì ní ilà gbọọrọ gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ti Conium dán borokoto, kò ní irun kankan, inú rẹ̀ ṣófo, àbààwọ́n elésè àlùkò sì wà lára rẹ̀, pàápàá nísàlẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fún ewé: òórùn kárọ́ọ̀tì ni kárọ́ọ̀tì máa ń mú jáde, ti èkejì ń run bí ibi tí eku ń gbé.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ba wo abẹ́ agboorùn òdòdó, ìyẹn ìdì òdòdó tí àwọn ọ̀pá rẹ̀ tàn ká bíi ti agboorùn. Àwọn ewé tó yí ìdí agboorùn kárọ́ọ̀tì ká gùn, wọ́n sì ya sí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ àmì mìíràn tó yá ojú tó èyí. Ti Conium kúrú, kò sì ya. Bí hóró bá ti gbó, ti kárọ́ọ̀tì ní ẹ̀gún. Ti Conium ní ilà tó rí wọ́gọwọ̀gọ, kò ní ẹ̀gún.

Ẹ má tọ́ ohunkóhun wò láti fi mọ̀ ọ́n. Oje kárọ́ọ̀tì náà lè mú kí awọ ara àwọn kan wú bí oòrùn bá pa á lé wọn lára, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí láìbo ọwọ́.

Bàbá_Elébè

Ọmọ yìí gbọ́n. Àmọ́ lórí gbòǹgbò ni mo ṣì wà.

Àpò_Irúgbìn

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti yẹ gbogbo poro wò, irun wà lára igi gbogbo wọn, ewé abẹ́ agboorùn sì ya. Kárọ́ọ̀tì ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló kàn lẹ́yìn gbòǹgbò? Ṣé irun yẹn ni kí n fi pín wọn? Àwọn kan ní i ju àwọn kan lọ.

Ìyá_Hóró

Irun máa tàn yín jẹ, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí nǹkan fi rí báyìí ná. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn: Daucus carota, bí Linnaeus, onímọ̀ ewéko, ṣe sọ ọ́ lórúkọ ní 1753. Ti igbó ni wọ́n ń pè ní subsp. (ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀yà) carota, ti oko ni subsp. sativus. Kúrómósómù 18 ni àwọn méjèèjì ní, wọ́n sì ń gun ara wọn fàlàlà. Kò sí ògiri láàrin wọn. Fún ìdí èyí, kò sí àmì kan ṣoṣo tí ẹ óò dì mú tí yóò dá ẹjọ́ náà. Ẹ óò wo àmì púpọ̀, kí ẹ wá wo ibi tí ìwọ̀n tẹ̀ sí. IPGRI, àjọ tó ń rí sí ìtọ́jú irúgbìn nígbà náà, tẹ àtòjọ àmì ìdánimọ̀ kárọ́ọ̀tì igbó àti ti oko jáde ní Róòmù ní 1998. Bí ẹ bá rí i, ẹ tẹ̀ lé e, kí àkọsílẹ̀ yín lè bá ti ẹlòmíì mu. Ti UPOV, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo irú ewéko tuntun, nọ́mbà TG/49, wà fún àwọn tó ń forúkọ irú tuntun sílẹ̀, ó sì wúlò fún ti oko nìkan.

Ewé: kí igi tó yọ, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ poro, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀. Ewé kárọ́ọ̀tì igbó sábà máa ń tẹ́ sílẹ̀ yíká. Ti oko sábà máa ń nàró, torí àwọn àgbẹ̀ ti ń yan èyí tó rọrùn láti fà tu láti ìgbà pípẹ́.

Àkókò òdòdó: èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Kárọ́ọ̀tì oko máa ń fi ìgbà kìíní kó oúnjẹ sínú gbòǹgbò, òtútù á kọjá lórí rẹ̀, kó tó yọ òdòdó ní ìgbà kejì. Nínú ti igbó, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan kì í dúró, ìgbà kan náà ni wọ́n ń hù, tí wọ́n ń yọ òdòdó, tí wọ́n sì ń kú. Àwọn tó ti ń na ọrùn nínú poro yín yẹn, ẹ kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀ lónìí.

Ẹ wá gbọ́ ti irun. Kárọ́ọ̀tì oko pín sí ọ̀wọ́ méjì. Ti ìlà oòrùn, tí wọ́n ń pè ní var. atrorubens, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò tàbí ìyeyè, ewé rẹ̀ ní irun tó fi rí bí eérú, ó sì ń yára yọ òdòdó. Ti ìwọ̀ oòrùn, var. sativus, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, irun rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í sì yára yọ òdòdó. Ṣé ẹ rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Ẹni tó bá fi irun àti òdòdó kíákíá nìkan pín wọn á kó ọ̀wọ́ ìlà oòrùn gbogbo dà sínú igbó, bẹ́ẹ̀ inú oko ni wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá, ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà, ní agbègbè Afghanistan àti Persia. Àwọn gan-an ló dàgbà jù. Aláwọ̀ ọsàn tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, àbúrò ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ewéko

Wọ́n ní àwọn ará Netherlands ló ṣe aláwọ̀ ọsàn láti fi bu ọlá fún ìdílé ọba wọn, tó ń jẹ́ Orange?

Ìyá_Hóró

Ìtàn yẹn dùn, kò ní ẹ̀rí. Pé wọ́n ṣiṣẹ́ gidi lórí rẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, òótọ́ nìyẹn.

Etí_Ààlà

Mo ń gbin kárọ́ọ̀tì fún irúgbìn títà, ojú mi ti rí nǹkan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ni pé àpò kẹta wà. Kì í ṣe igbó, kì í ṣe oko, àdàlù ni.

Kòkòrò ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó kárọ́ọ̀tì kiri. Bí ti igbó bá ń yọ òdòdó nítòsí oko irúgbìn, ọmọ tí ẹ óò kórè á dàpọ̀. Ẹ gbìn ín, gbòǹgbò rẹ̀ á funfun tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè tó ti ṣá, á pẹ̀ka, á le, igi òdòdó á sì yọ ní ìgbà kìíní. Funfun ló máa ń borí ọsàn nínú àjogúnbá: àwọn apá àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní Y àti Y2 ló wà nídìí rẹ̀, ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ òbí tó jẹ́ ti igbó sì ti tó láti pa àwọ̀ ọsàn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí funfun kan ṣoṣo láàrin poro tó jẹ́ ọsàn, ẹ má sọ pé irúgbìn igbó ló bọ́ sínú àpò. Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ jẹ́ ti oko, kó jẹ́ bàbá ló wá láti etí ọ̀nà.

Èmi máa ń jìnnà sí ti igbó, ó kéré tán kìlómítà kan, mo sì máa ń fẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyíkéyìí tó bá na igi ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ń fà á tu kí òdòdó tó là.

Kì í ṣe gbogbo ohun igbó ló burú o. Ní 1953, onímọ̀ irúgbìn kan tó ń jẹ́ Munger rí kárọ́ọ̀tì igbó kan ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà tí òdòdó rẹ̀ kò lè mú ìyẹ̀fun jáde. Láti ara irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irúgbìn haíbíríìdì (àdàlù òbí méjì tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe) tí à ń rà lónìí ti wá, torí pé ìyá tí kò ní ìyẹ̀fun tirẹ̀ kò lè gun ara rẹ̀.

Bàbá_Elébè

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé igbó àti oko kò lè di ara wọn. Mo kà á pé Vilmorin ní ilẹ̀ Faransé gbin kárọ́ọ̀tì igbó ní àwọn ọdún 1830, ó ń yan èyí tó sanra, láàrin ìran díẹ̀ ó ti di kárọ́ọ̀tì oko. Kí lẹ wá ń pín sí?

Etí_Ààlà

Ẹ̀gbọ́n, ibi tó ti gbìn ín ni kí ẹ wò. Ẹni tó ń ta irúgbìn, tí kárọ́ọ̀tì oko yí i ká, tí kòkòrò sì ń fò kiri! Àdàlù ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fura sí lẹ́yìn náà. Ohun tí mo ń sọ gan-an lẹ fi gbè mí lẹ́sẹ̀ yẹn.

Bàbá_Elébè

Hmm. Mo gbọ́.

Àpò_Irúgbìn

Ìbéèrè kan: hóró tó wà nínú àwọn àpò kan dán, kò ní ẹ̀gún rárá. Àwọn mìíràn ní ẹ̀gún tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ṣé mo lè sọ pé àwọn tó dán jẹ́ ti oko?

Ìyá_Hóró

Rárá o. Hóró tó dán sọ fún yín pé ó ti gba inú ẹ̀rọ kọjá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró kárọ́ọ̀tì oko náà ń ní ẹ̀gún lórí igi. Àwọn tó ń tà á ló ń fi ẹ̀rọ ra á, kí ó má baà so mọ́ ara wọn nígbà gbígbìn. Lóòótọ́, ẹni tó ṣa hóró ní etí ọ̀nà kì í sábà ní ẹ̀rọ, ẹ lè fi ìyẹn ṣe ìtọ́kasí, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ dúró de hóró tí poro yín fúnra rẹ̀ bá so. Ẹ mú ẹyọ kan tó ti gbẹ sábẹ́ awò. Ìlàjì èso ni ohun tí à ń pè ní hóró. Èso kọ̀ọ̀kan ń là sí méjì, ojú kan lára ìlàjì kọ̀ọ̀kan á tẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ gọ̀nbọ̀. Gígùn rẹ̀ wà láàrin mìlímítà 2 sí 4. Lórí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilà wà: àwọn kan ní irun kúkúrú, àwọn kan ní ẹ̀gún tó tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹ wo orí ẹ̀gún náà. Nínú ti igbó, ó le, ìkọ́ kéékèèké sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀, òun ló fi ń di irun ẹranko mú. Nínú ti oko, ẹ̀gún náà lè má le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é fún hóró púpọ̀ láti ara igi kan kí ẹ tó kọ nǹkan sílẹ̀.

Tísà_Bàọ́lọ́jì

Mo pẹ́ dé. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé òdòdó dúdú kan ṣoṣo tó wà láàrin gbùngbùn agboorùn ni àmì kárọ́ọ̀tì igbó. Kí ló dé tí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ewéko

Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá. Òdòdó yẹn wà lára ọ̀pọ̀, kò sí lára ọ̀pọ̀. Nínú pápá kan náà, igi méjì tó kángun síra wọn lè yàtọ̀. Bí ẹ bá rí i, ó ràn yín lọ́wọ́ láti mọ̀ pé kárọ́ọ̀tì ni. Bí ẹ kò bá rí i, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Mo fẹ́ràn bí agboorùn ṣe ń ká jọ jù ú lọ. Lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀, àwọn ọ̀pá agboorùn kárọ́ọ̀tì igbó á ká sínú, gbogbo rẹ̀ á di bí ìtẹ́ ẹyẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ó ń pa dé. Bó bá gbẹ, ó ń ṣí, hóró á sì máa jábọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àgbẹ̀ ò fẹ́ èyí tó ń já hóró sílẹ̀ kó tó dé.

Ìyá_Hóró

Ó dára, àmọ́ ẹ fi èyí kún un: àwọn kárọ́ọ̀tì igbó tó ń hù létí òkun, ọ̀wọ́ gummifer, kì í ká jọ bẹ́ẹ̀. Agboorùn wọn ń tẹ́ tàbí kó yọ sókè nígbà tí hóró bá ti gbó, ewé wọn nípọn, ó ń dán, igi wọn sì kúrú. Igbó ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá ṣa hóró létí òkun kó wọn sínú àpò yín, ẹ má torí àìká jọ kọ "oko" sí i.

Àpò_Irúgbìn

Ó ti ń yé mi. Ẹ gbọ́ eléyìí: poro kan wà, mo gé mélòó kan nínú rẹ̀ kí igi tó yọ. Gbòǹgbò nípọn tó ìka ọwọ́, àwọ̀ ìyeyè tó ti ṣá. Ọkàn rẹ̀ le díẹ̀, ẹran òde sì wà dáadáa. Ewé nàró. Èyí tó pọ̀ jù ti yọ igi ní ìgbà kìíní yìí, àwọn díẹ̀ kò tíì yọ. Ọ̀kan láàrin wọn ní àwọ̀ ọsàn. Níbo ni mo máa kó o sí?

Bàbá_Elébè

Ìyeyè, ó sanra díẹ̀, ó ń yára yọ òdòdó. Àbí ọ̀wọ́ ìlà oòrùn tí Ìyá_Hóró wí nìyẹn?

Ìyá_Hóró

Bàbá, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó wù mí. Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú kan pàtó ti ìlà oòrùn ni, poro náà ì bá dọ́gba ju báyìí lọ: ewé eléérú, gbòǹgbò tó jọra, ọkàn tó rọ̀. Èyí tó yàtọ̀ síra wọn tó báyìí, tí ọkàn rẹ̀ le, tí ọsàn kan tún wà nínú rẹ̀, àpò kẹta ni. Ẹ wo àìdọ́gba yẹn gẹ́gẹ́ bí àmì kan. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gbà kí ẹnikẹ́ni fi igi kan ṣoṣo dájọ́ fún poro. Ẹ wọn igi mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ sì kọ èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù sílẹ̀.

Ẹ má kọ "àdàlù" gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ o. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí: àwọ̀, ìpín ọkàn sí ẹran òde, ìdúró ewé, ọjọ́ òdòdó. Ẹni tó bá wá ní owó DNA lọ́la á rí ibi tó máa bẹ̀rẹ̀.

Àpò_Irúgbìn

Agboorùn wo ni kí n wọn? Igi kan ní bíi márùn-ún, kò sí èyí tó dọ́gba.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ewéko

Ti àárín, èyí tó kọ́kọ́ là, tó wà ní òkè pátápátá. Òun ló ń tóbi jù. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ nígbà tí òdòdó rẹ̀ là tán, kí ẹ sì ka iye ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ bá wọn ti àárín lára igi kan, tí ẹ wọn ti ẹ̀gbẹ́ lára èkejì, asán ni gbogbo nọ́mbà yẹn.

Etí_Ààlà

Kí ẹ tó pa ìwé dé: bí ẹ bá fẹ́ fi irúgbìn poro kọ̀ọ̀kan pamọ́, ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Àwọn tó ti là ti ń gba ìyẹ̀fun ara wọn. Ẹ gé orí gbogbo èyí tó ti là sọnù, kí ẹ fi àwọ̀n tó há dáadáa bo poro kan lódindi kí àwọn tó kù tó ṣí. Ẹ má bo agboorùn kan ṣoṣo. Òdòdó kárọ́ọ̀tì máa ń tú ìyẹ̀fun sílẹ̀ tán kí ibi tó ń gba ìyẹ̀fun lára òdòdó kan náà tó ṣe tán, nítorí náà ó nílò agboorùn mìíràn tàbí igi mìíràn. Ó sì nílò ẹni tó máa gbé e. Ẹ da eṣinṣin sínú àwọ̀n náà, kí ẹ tún da òmíràn sí i bí àwọn ti ìṣáájú bá ti ń kú.